Tí èsì backtest bá dùn jù, ẹ yẹ variable tí àwọn fáìlì yín jọ ń lò wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Python dán ìlànà káràkátà wò lórí iye ọjà àtẹ̀yìnwá (ìyẹn ni backtest), ibì kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò báyìí tí èrè bá ti pọ̀ jù lójú mi.

Ọ̀pọ̀ wa la máa ń kó gbogbo iye sínú fáìlì kan, config.py, ká kọ fee = 0.001 síbẹ̀: variable yìí ni owó tí broker, ìyẹn alágbàtà ọjà, ń gbà, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Nínú strategy.py, fáìlì tí ìlànà káràkátà wà, a ó kọ from config import fee. Tó bá di pé a fẹ́ mọ bí yóò ṣe rí bí broker bá gba ìlọ́po méjì, a ó kọ config.fee = 0.002 sínú main.py, fáìlì tó ń gbé iṣẹ́ dìde, lẹ́yìn ìlà tó import strategy. Èsì kò ní yí padà rárá, Python kò sì ní pariwo. Kì í ṣe pé ó ń ṣe màkàrúrù o: látìgbà tó ti ka ìlà import yẹn ló ti mú 0.001 fún strategy.py, kò sì ní padà lọ wo config mọ́. Ìlà import config ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá pe config.fee níbi tí ẹ ti fẹ́ lò ó.

Owó ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó ń fi ₦100,000 rajà, tó rà tó sì tà nígbà 100, ìgbà 200 ni broker á yọ tiẹ̀: nǹkan bíi ₦20,000 ní 0.001, ₦40,000 ní 0.002. Ìyàtọ̀ yẹn lè sọ èrè di gbèsè.

Síbẹ̀, import config nìkan ò tó fún ẹni tó ń fi multiprocessing (ọ̀nà tí Python fi ń pín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ process tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀) dán ọ̀pọ̀ iye wò lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí Windows, àti lórí macOS láti Python 3.8, process tuntun kọ̀ọ̀kan máa ń ka config.py lákọ̀tun ni, 0.001 náà ló máa bá níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi iye lé strategy lọ́wọ́ tààrà. Nínú backtrader, àkójọ kóòdù Python fún backtest, cerebro.addstrategy(Ilana, period=20) ló ń gbé period (gígùn àkókò tí ìlànà ń wò) wọlé, cerebro.broker.setcommission(commission=0.002) sì ni ti owó broker. Nínú kóòdù tí mo fọwọ́ ara mi kọ, dataclass (àpótí tí Python fi ń kó iye pọ̀) tó ní frozen=True ni mo máa ń lò: fáìlì tó bá fẹ́ yí iye inú rẹ̀ padà, ojú ẹsẹ̀ ni Python á figbe ta. Mo sì máa ń ní kó tẹ gbogbo iye náà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè, láti inú strategy gan-an, kì í ṣe láti main.py.