Èédú inú páìpù tọ́bò

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi n'Íbàdàn ni. Wọ́n ti rí ohun tó ń mú kí ọkọ̀ mi máa rú èéfín búlúù láràárọ̀.

Páìpù kan báyìí tí kò nípọn tó ọmọńdinrín mi ló ń gbé ọ́ìlì lọ sínú tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn kún inú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Ọ̀gá tú u, wọ́n fẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn ò kọjá. Wọ́n wá ki wáyà bọ inú rẹ̀, ni nǹkan dúdú bá ń já bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ìdí ìkòkò ìrẹsì tó jóná. Ọ́ìlì ni o! Ó ti yan gbẹ mọ́ ibẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fọwọ́ kàn án." Mo fọwọ́ kan ọ̀pá àárín tọ́bò náà, ó ń mì jẹgẹjẹgẹ. Ọ́ìlì ò dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, ló bá jẹ, ọ́ìlì wá ń jò wọnú ẹ́ńjìnnì, ó ń jóná, òun ni èéfín búlúù yẹn. Nǹkan tó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan!

Tòkunbọ̀ ni, ta ló mọ bí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ṣe ń ṣe é? Ọ̀gá ní kí n máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo 5,000 kìlómítà, kó jẹ́ síńtẹ́tíìkì, irú ọ́ìlì tí ooru kì í tètè bà jẹ́. Tí mo bá sì sáré dé láti Èkó, kí n má pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí tọ́bò lè tutù.

Àwọn kan á ní ká má ra tọ́bò mọ́. Èmi ò gbà. Ọ́ìlì burúkú ni tọ́bò ò gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ tó ní tọ́bò, ṣé tiyín ti rú èéfín báyìí rí? Ṣé ẹ tún tọ́bò ọ̀hún ṣe ni, àbí ẹ ra òmíràn?