Bí àpdéètì Ubuntu bá ń wọ́ bí ìgbín

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi hotspot fóònù ṣe àpdéètì Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ má tíì dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú Terminal, níbi tí ẹ ti ń tẹ àṣẹ. Bó bá dúró sórí 0%, tó ń kọ "Connecting to", tí àdírẹ́sì tó tẹ̀lé e sì kún fún àmì kólọ́ọ̀nù (:), IPv6, irú àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun, ló ń gbìyànjú. Bí ọ̀nà yẹn kò bá já geere, apt, ètò tí Ubuntu fi ń gba àpdéètì, lè dúró pẹ́ kó tó yà sí IPv4, irú àdírẹ́sì ti àtijọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àkókò ti ń ṣòfò.

Ẹ dán èyí wò:

sudo apt -o Acquire::ForceIPv4=true update

Bó bá yára lójú ẹsẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀ pátápátá:

echo 'Acquire::ForceIPv4 "true";' | sudo tee /etc/apt/apt.conf.d/99force-ipv4

Ẹ má gbàgbé sẹmikólọ́ọ̀nù (;) yẹn o! Láìsí i, apt á kàn máa pariwo "Syntax error" ni. Apt nìkan ni èyí kàn, ìdí nìyẹn tó fi sàn ju kí ẹ pa IPv6 gbogbo kọ̀ǹpútà lọ.

Bí kò bá yí padà, ó lè jẹ́ pé sáfà, kọ̀ǹpútà tí àpdéètì ti ń wá, ló jìnnà: ẹ ṣí Software & Updates, ẹ lọ sí Download from, Other, kí ẹ tẹ Select Best Server.