Àwọn ọmọ mi ti di tísà o

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kámpù kàráté táwọn ọmọdé ń ṣe ní họlidé yìí dé ni, n'Íjẹ̀bú-Òde níbí. Mo ní kí n kàn yọjú wò wọ́n, àṣé àwọn tí mo kọ́ nígbà tí wọn ò tíì lè so bẹ́líìtì fúnra wọn ló ń kọ́ni báyìí!

Ọ̀kan tó máa ń sunkún tá a bá ti ní kó jà, òun ló kúnlẹ̀ síwájú ọmọ kékeré kan tó ń bá a so tiẹ̀, ó ní "ọ̀tún lórí òsì, wá tì í bọ abẹ́ méjèèjì", ohùn mi gan-an ló fi sọ ọ́, títí kan ikọ́ tí mo máa ń hú (ọmọ burúkú 😂). Bó ṣe rí mi báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú aṣọ funfun, iyẹ̀pẹ̀ kún gbogbo àyà ẹ̀. Mo ń nu ojú, mo ní eruku ni.

Ẹ̀yin tísà ẹgbẹ́ mi, ṣé ó ti ṣe yín rí?