Ẹ Má Fa Ibi Màlúù

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin màlúù láti Mọ́níyà dé Akínyẹlé, mo bẹ̀ yín: bí abo màlúù bá bí tí ibi kò tètè bọ́, ẹ má fà á, ẹ má so òkúta mọ́ ọn.

Àlájì kan pè mí láìpẹ́ yìí. "Dókítà, ẹ bá wa fà á, ó ti ń rùn." Mo ní, "Ẹ dákun, Àlájì, ẹran yìí ń jẹun, ara rẹ̀ ò gbóná. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀." Inú wọn ò dùn sí mi rárá.

Sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní neutrophil. Ọmọ ogun ni: òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí kòkòrò àrùn bá wọ̀. Òun náà ló wà lára ohun tó ń tú ibi kúrò lára ilé ọmọ. Nítorí náà, ibi tí kò bọ́ lẹ́yìn wákàtí 24 sábà máa ń sọ fún wa pé agbára sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ti dín kù kí ẹran tó bí. Bí ẹ bá wá fà á, ẹ ó dá ọgbẹ́ sí ilé ọmọ, kòkòrò á sì ráyè wọlé.

Kí ló ń dín agbára wọn kù? Oúnjẹ ni, pàápàá. Bí ìbí ti ń sún mọ́, ẹran kì í jẹun tó bẹ́ẹ̀ mọ́, wàrà sì ń béèrè tirẹ̀. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá tó ti kó pa mọ́, ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ á sì mú kí sẹ́ẹ̀lì náà rọ. Kálísíọ́mù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà ń bá wàrà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èèrí, kúlíkúlí, iyọ̀ lílá àti omi tó mọ́ kí ẹran tó bí, kì í ṣe ìgbà tó bá bí tán.

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí màlúù tí kòkòrò kì í wọ ilé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Èyí tó bá lè lé wọn jáde, ilé ọmọ rẹ̀ á sún kì padà ní nǹkan bí 40 ọjọ́, á sì tún máa wá akọ. Èyí tí kò bá lè lé wọn, ilé ọmọ lè máa wú nínú láìsí ọyún ọgbẹ́ kankan tí ojú rí. Akọ á máa gùn ún, kò ní lóyún, ẹ ó sì máa bú akọ. Bẹ́ẹ̀, oyún màlúù tó 280 ọjọ́. Èyí tó bá máa bí lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ lóyún láàárín bí 85 ọjọ́ tó bí.

Ibi màlúù Àlájì bọ́ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣùgbọ́n bí ìgbóná ara bá kọjá 39.5°C, tí ẹran ò jẹun, tí omi pupa tó ń rùn ń jáde, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ nìyẹn ń fẹ́. Tí wọ́n bá sì gún un, wàrà rẹ̀ ò gbọdọ̀ dé ọjà Bódìjà títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn á fi pé.