Owó ọtí tó wà nínú báàgì mi

Oṣù yìí ni mo pé ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ ká máa bá èèyàn ṣètò ìgbéyàwó n'Íbàdàn. Ní Sátidé tó kọjá, mo rí ọ̀kan nínú ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ yìí tó kó owó ọtí àwọn òṣìṣẹ́, ìyẹn ẹ̀bùn tí ẹbí fi ń kí wọn, pamọ́ di ìrọ̀lẹ́. Àyà mi já. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí lórí owó mẹ́ta tó yẹ kẹ́ ẹ tètè ṣètò nìyẹn.

Èkíní, ẹ bá alága ìdúró àti alága ìjókòó sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Owó orí, owó bàbá gbọ́ àti owó ìyá gbọ́ ò ní àríyànjiyàn, ti ẹbí ni. Owó ìkanlẹ̀kùn àti owó táwọn alága ń fi àwàdà gbà lọ́wọ́ ẹbí ọkọ ló máa ń dìjà. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń kó o lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iwájú àlejò ni wọ́n á ti yanjú ẹ̀.

Èkejì, àwọn onílù. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n owó sára èèyàn lóde àríyá sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Lóṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀. Ẹ fi tiwọn sínú ẹ́ńfílóòpù, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó ń lu ìyáàlù.

Ẹ̀kẹta, owó ọtí àwọn òṣìṣẹ́, ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ìgbéyàwó oṣù Kejìlá, irínwó àlejò. Láàárọ̀, ìyá ìyàwó fún mi ní ₦60,000 nínú ẹ́ńfílóòpù funfun, wọ́n ní kí n pín in fáwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ, ọmọ tó ń tan jẹnẹrétọ̀ àtàwọn agbálẹ̀. Mo rò pé tí wọ́n bá ti gbowó, wọ́n á dẹwọ́ níṣẹ́. Mo tì í bọ ìsàlẹ̀ báàgì. Mi ò mọ̀ pé àǹtí ìyàwó ti lọ sọ fún wọn nídìí ìkòkò pé, "Mọ́mì ti fi nǹkan yín rán alákòóso o."

Nígbà tó fi máa di aago méjì, wọ́n ti ń wò mí lápá kan ojú. Tábìlì tí wọ́n bá ti fún wọn ní nǹkan ni wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ. Níbi táwọn àgbà ẹbí ọkọ jókòó sí, omi nìkan ló wà níwájú wọn. Bàbá kan tó wọ sányán ń yí ìdérí ike omi po lórí tábìlì, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo sáré dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn: ìrẹsì ti tán nínú kúlà.

Ìgbà yẹn ni ìyá ìyàwó wọlé. "Owó tí mo fún ẹ dà?" Kí n tó lanu, olórí àwọn tó ń gbé oúnjẹ ti dáhùn: "Mọ́mì, ó ti jẹ ẹ́."

Mo da báàgì mi délẹ̀. Ìtọ́tè, bírò, abẹ̀bẹ̀, ẹ́ńfílóòpù. Lílẹ̀ ló ṣì wà. Gbogbo wọn wò ó, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Obìnrin tó pè mí lólè yẹn na ọwọ́, ó gba tiẹ̀, kò ní "ẹ má bínú". Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹni tó ti dúró láti ìdájí, tí owó iṣẹ́ ẹ̀ ò tó nǹkan, kò lè rí inú yín. Ẹ ṣẹ́ owó sílẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, ₦500 àti ₦1,000. Ẹ pín ìdajì kí wọ́n tó bu oúnjẹ àkọ́kọ́, lọ́wọ́ kálukú, ẹ má kó o fún olórí wọn, kí ẹnì kan nínú ẹbí sì dúró tì yín. Ìdajì tó kù, ó di ìgbà tí wọ́n bá kó abọ́ tán.

Àbúrò ìyàwó yẹn ṣègbéyàwó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹlòmíì ni wọ́n pè.