BODMAS, ẹja àrọ̀, àti àkámọ́ tí mo gbàgbé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra ìdánwò, JSS 2 ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ bínú sí BODMAS, ìlànà tó ń sọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe nínú ìṣirò. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó, a sì ń ké e bí ẹni ń ké ewì: àkámọ́, "of", pínpín, ìsọdipúpọ̀, ìròpọ̀, ìyọkúrò. Mo há a sórí dáadáa. Nígbà tí ìdánwò dé, wọ́n ní ká ṣe 10 − 4 + 3. Mo wò ó pé A (ìròpọ̀) ṣáájú S (ìyọkúrò), mo ro 4 àti 3 pọ̀ ó di 7, mo yọ ọ́ kúrò nínú 10, mo kọ 3. Wọ́n fi bírò pupa fa igi lé e. Wọ́n ní 9 ni.

Mo gbé ìwé náà lọ bá màmá mi nídìí ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, mo ní olùkọ́ ti rẹ́ mi jẹ. Màmá mi ò mọ BODMAS. Wọ́n ní, "Ẹja mẹ́wàá wà nínú agbọ̀n mi. Mo ta mẹ́rin. Apẹja tún gbé mẹ́ta wá. Mélòó ló wà nínú agbọ̀n?" Mo ní mẹ́sàn-án. Wọ́n ní, "Kí lo wá ń sunkún sí?"

Ohun tí wọn ò sọ fún wa dáadáa nígbà yẹn ni pé lẹ́tà mẹ́fà yẹn kì í ṣe ipò mẹ́fà. Ẹgbẹ́ ni ìròpọ̀ àti ìyọkúrò, ẹgbẹ́ sì ni pínpín àti ìsọdipúpọ̀. Bí méjì tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn bá pàdé, èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ bá láti apá òsì ni kí ẹ ṣe. Torí náà 24 ÷ 4 × 3 jẹ́ 18, kì í ṣe 2. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo àwọn ọmọ Amẹ́ríkà: PEMDAS ni wọ́n ń kọ́ tiwọn, M (ìsọdipúpọ̀) ṣáájú D (pínpín) níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà ló ń fi ẹni tó jẹ àgbà hàn ni, ìdáhùn tiwọn ìbá yàtọ̀ sí tiwa. Kò yàtọ̀.

Kí ló dé tí ìsọdipúpọ̀ fi ń ṣáájú ìròpọ̀? Ẹ tún padà sídìí ẹja. Epìyà mẹ́jọ wà lórí àtẹ, ìdì méjì sì wà nílẹ̀, márùn-ún márùn-ún: 8 + 2 × 5. Kò sí oníbàárà tí yóò ro mẹ́jọ pọ̀ mọ́ ìdì méjì, kó wá ní ẹja àádọ́ta ni òun rí. Ẹ tú ìdì ná, ó di 10, kí ẹ tó rò ó mọ́ 8. 18 ni. Ìdì ni àmì × jẹ́, ìròpọ̀ tí wọ́n ti dì pọ̀. 3² náà, ìsọdipúpọ̀ tí wọ́n ti dì ni, òun ló sì le koko jù, ìdí nìyẹn tí 2 × 3² fi jẹ́ 18 tí kì í ṣe 36.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù, inú èdè wa ni mo ti rí i, ó sì ti pẹ́ tí mo ti jáde ilé-ìwé kí n tó rí i. Ẹ pe 45 ní Yorùbá: márùndínláàádọ́ta. Ẹ tú u wò. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ẹ yọ ẹ̀wá nínú ọgọ́ta, ó di àádọ́ta. Ẹ tún yọ àrún nínú ìyẹn. Bí ẹ bá fi àmì kọ ọ́, 20 × 3 − 10 − 5 ni. Ìsọdipúpọ̀ ló ṣáájú, 60. Ìyọkúrò wá tẹ̀ lé e láti òsì, 50, lẹ́yìn náà 45. Bí ẹnì kan bá wá kánjú yọ 5 kúrò lára 10 ná, 60 − 5 ló kù sí i lọ́wọ́, ìyẹn 55. Àwa sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ìyẹn: márùndínlọ́gọ́ta. Ìyá ìyá mi kò di ṣọ́ọ̀kì mú rí láyé wọn, wọn ò sì pe ọ̀kan fún èkejì rí. Èmi tí mo ń há BODMAS sórí ni mo ń ṣì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ná mi lówó. Lẹ́yìn WAEC, kí n tó wọ ilé-ìwé gíga, mo ń ṣe akọ̀wé ní oko ẹja kan lẹ́yìn ìlú. Ẹja àrọ̀ 500 ló wà nínú adágún kan, a sì ń fún wọn ní oúnjẹ tó jẹ́ 2 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn lójúmọ́. Láti mọ ìwọ̀n yẹn, a máa ń kó díẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó pín in dọ́gba. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mẹ́ta péré la wọ̀n (ó kéré jù, mo mọ̀): kílò 1.2, 1.4 àti 1.0.

Kalikulétọ̀ kékeré kan ni mo máa ń lò níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ ìyẹn náà ló ṣe ń ṣírò lọ: ó ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ di 3.6 kí ẹ tó dórí ÷ 3, ó sì fún yín ní 1.2. Bátìrì rẹ̀ kú lọ́jọ́ náà. Mo yọ fóònù, mo tẹ ohun kan náà gẹ́lẹ́, 1.2 + 1.4 + 1.0 ÷ 3. Ó kọ 2.93. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Fóònù ò jẹ̀bi. Ó tẹ̀ lé ìlànà: ó pín 1.0 nìkan sí mẹ́ta, ó di 0.33, ó wá ro ó mọ́ 2.6. Inú ìwé àkọsílẹ̀ wa, ìlà gígùn kan wà lábẹ́ àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, 3 sì wà nísàlẹ̀ ìlà. Àkámọ́ ni ìlà yẹn, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìlà kan ṣoṣo, ìlà gígùn sọ nù, àkámọ́ bá a lọ. Ó yẹ kí n tẹ (1.2 + 1.4 + 1.0) ÷ 3.

Kílò 12 ló yẹ kí wọ́n jẹ lójúmọ́, àpò oníkílò 15 kan ò tíì tán. Mo kọ kílò 29. Ọjọ́ méjì la fi dà á sómi bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí ẹja ò jẹ rà sísàlẹ̀, omi yí pa dà, ó ń rùn, àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí sókè. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè, bó bá jẹ́ ẹja mìíràn ni, mi ò mọ ohun tí mo máa wí. Síbẹ̀ méje léfòó, a sì yí omi lóru. Ọ̀gá mi bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Èyí tó wúwo jù nínú ẹja mẹ́ta jẹ́ kílò 1.4. Báwo lo ṣe pín in dọ́gba tó di 2.93?" Wọ́n yọ owó nínú owó oṣù mi. N ò bínú sí owó náà tó ìbéèrè yẹn.

Nípa O inú BODMAS: nínú ọ̀pọ̀ ìwé wa, "of" ni, àwọn mìíràn ń lò ó fún agbára bíi 3². Ẹ ṣọ́ ọ. Níbi tí wọ́n bá ti kọ́ yín ní "of", 12 ÷ ½ of 6 jẹ́ 4, torí ìdajì 6 lẹ kọ́kọ́ ń wá. Bí ẹ bá fi × rọ́pò rẹ̀, ó di 144.

Ẹ má sì bá wọn jà lórí 6 ÷ 2(1 + 2) tí wọ́n ń gbé kiri orí fóònù. Àwọn tó ń ṣe é láti òsì ní 9, àwọn tó ka 2(1 + 2) sí ìdì kan ní 1. Lójú tèmi, ẹni tó kọ ọ́ ló jẹ̀bi. Àdéhùn làwọn àmì yìí, wọn ò sì tíì pẹ́: Robert Recorde gbé = jáde ní 1557, William Oughtred lo × ní 1631, Johann Rahn tẹ ÷ sínú ìwé ní 1659. Ẹni tó mọ̀ pé ẹlòmíràn máa ka nọ́ńbà òun, kó fi àkámọ́ sí i. Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, pàápàá ní àdéhùn tirẹ̀: ẹ tẹ =-3^2 (^2 ni wọ́n ń tẹ̀ dípò ²), á fún yín ní 9, bẹ́ẹ̀ sì ni −9 ni ìwé ìṣirò yín máa pè é.

Ẹ ṣe ọ̀kan fún mi lálẹ́ òní. Ẹ fi 20, àmì ×, àmì − àti nọ́ńbà tó bá yẹ kọ márùndínláàádọ́rin, láìsí àkámọ́ kankan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Bí kò bá fún yín ní 65, ẹ tún orúkọ náà pè jẹ́jẹ́, kí ẹ gbọ́ ibi tí ìyọkúrò méjèèjì wà.