Àwa ni inṣọ́ránsì bọ̀dá mi

Ẹ jẹ́ n fẹjọ́ bọ̀dá mi sùn yín díẹ̀, torí mi ò lè kò wọ́n lójú. Tí mo bá gbóhùn sókè pẹ́nrẹ́n, màmá wa á ní ṣé torí mo ń ṣiṣẹ́ ní Fẹ́dírà Sẹkitéríàtì ni mo ṣe ń bá ẹni tó pọ̀n mí dàgbà sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì ìlera ló wà nílẹ̀. Bọ̀dá mi ń ta pààtì mọ́tò ní Gate nílùú Ìbàdàn, ọjà ń lọ, kì í ṣe pé kò sówó, àmọ́ kí wọ́n san inṣọ́ránsì fún ara wọn àti ìyàwó àtàwọn ọmọ, wọ́n ní àwọn ò lè fowó ra àìsàn. Wọ́n ní ẹni tó bá ń sanwó ọsíbítù sílẹ̀ nígbà tára ẹ̀ le, ohun tó ń wá náà ló máa rí. Mo ní ah bọ̀dá, ẹ ṣáà san inṣọ́ránsì mọ́tò yín, ṣé àsídẹ́ǹtì lẹ fi ń wá ni? Wọ́n ní torí ọlọ́pàá nìyẹn.

Ká tiẹ̀ yọ ti pé èèyàn ń fowó wá àìsàn kúrò, ohun tó ń dùn wọ́n gan-an ni pé owó náà ò ní padà. Àjọ wo leléyìí tí alájọ ò ní san padà? Mo ṣàlàyé títí, mo ní kì í ṣe àjọ, ó dà bí owó tẹ́ ẹ máa ń dá lẹ́gbẹ́ yín, gbogbo yín lẹ jọ ń dá a, ẹni tọ́ràn bá já lù lẹ máa gbé e fún, ẹni tí nǹkan kan ò ṣe kò ní ní kẹ́ ẹ dá tòun padà. Wọ́n gbọ́, wọ́n mirí. Wọ́n wá ní, "Tára mi bá wá le títí ọdún fi parí, wọn ò ní dá ìdajì padà?"

Mi ò ní parọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló burú. Èmi tí ibiṣẹ́ mi fi sí i, mo mọ ohun tójú mi ń rí. A máa tò, wọ́n á ní òògùn ọ̀hún ò sí, ẹ lọ rà á níta, tọ́rọ̀ bá sì ju agbára ọsíbítù tẹ́ ẹ yàn lọ, ẹ máa jókòó de kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ látọ̀dọ̀ àwọn inṣọ́ránsì, kí wọ́n tó lè gbé yín lọ síbòmíì. Ó máa ń bí mi nínú. Àmọ́ tí òògùn bá wà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀ là ń san, ìyẹn nìkan ti yọ mí lọ́jọ́ tí owó oṣù ò tíì wọlé. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́rin tí ò tíì pé 18 ló lè wọ̀ ọ́. Ìgbà tí bọ̀dá gbọ́ pé kò lè gba ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n kúkú yá àwọn ní káàdì ọkọ mi. Ọkọ mi pupa, bọ̀dá mi dú, fọ́tò sì wà níbẹ̀ o.

Lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé wọn ṣánlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọsíbítù aládàáni kan nítòsí làwọn ọmọ iṣẹ́ sáré gbé wọn lọ, kí dókítà tó fọwọ́ kàn wọ́n, ó di ẹ lọ san dìpọ́síìtì 150,000, lẹ́yìn ìyẹn owó káàdì, owó drip, owó tẹ́ẹ̀sì, bá a ṣe ń san èyí ni nọ́ọ̀sì ń já ìwé òmíì lé wa lọ́wọ́. Grúùpù WhatsApp ẹbí bá gbóná. Àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ fi 5,000 ránṣẹ́, màmá wa tú owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe òrùlé, èmi lọ yá lóònù ní kọpurétíìfù, títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí wọ́n ṣì ń yọ ọ́ lára owó oṣù mi. Ọlọ́run bá wa ṣe é, bọ̀dá dìde. Ara wọn mókun tán, wọ́n ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i, Ọlọ́run ló ń woni sàn, kì í ṣe inṣọ́ránsì."

Ọlọ́run ló ń woni sàn, mo gbà. Lóònù mi ńkọ́?

Ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn. Bọ̀dá mi ń sọ káàkiri pé àwọn ò ní inṣọ́ránsì, irọ́ ni, wọ́n ní inṣọ́ránsì, àwa gan-an ni. Wọn ò kàn san kọ́bọ̀ lé e lórí ni, àwa náà ò sì lè kọ̀, torí ta ló máa wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nílẹ̀ kó kú? Àfi kẹ́ ẹ tún wá gbọ́ pé kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ra léèsì 85,000 fún ọjọ́ìbí alága ẹgbẹ́ wọn tó pé 60, fìlà lọ́tọ̀, bàtà lọ́tọ̀, owó tí wọ́n ná fún onífújì lọ́tọ̀. Fóòmù inṣọ́ránsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí mo gbé wá fún wọn, owó ọdún kan fẹ́nì kan níbẹ̀ ò tó ìdajì léèsì yẹn.

Òògùn wá ńkọ́? Amlodipine, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ojoojúmọ́ ni dókítà ní kí wọ́n máa lò ó. Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù, mo fa dúrọ́ọ̀ wọn kí n mú báírò, mo bá rí káàdì òògùn tí mo rà láàárín plọ́ọ̀gì àlòkù àti nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ti bo orúkọ ara ẹ̀, mẹ́ta péré ni wọ́n tíì yọ níbẹ̀. Wọ́n ní ìgbà tórí bá fọ́ àwọn nìkan làwọn ń lò ó, ọjọ́ tí ò bá fọ́, àgbo ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kì í kan ilẹ̀kùn! Nílùú Ìbàdàn níbí, tí UCH, ọsíbítù ńlá ìjọba, ti wà láti 1957.

Wọ́n tiẹ̀ ti sọ ọ́ dòfin. Oṣù karùn-ún 2022 ni Bùhárí buwọ́ lu òfin pé dandan ni kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní inṣọ́ránsì ìlera. Mo fi han bọ̀dá lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ta ni wọ́n ti mú?" Mi ò rí èsì fọ̀, torí èmi náà ò tíì gbọ́ pé wọ́n mú ẹnikẹ́ni ní Gate.

Mo bá gba ẹ̀yìn wọn lọ bá ìyàwó wọn. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi kó NIN tiẹ̀ àti tàwọn ọmọ fún mi, ó tún fowó ọwọ́ ẹ̀ kún un, a ti ṣe tiwọn, ìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n dúró dè kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó là ń kà báyìí. Ti bọ̀dá ló kù, kò sì ṣe é fi dìgbà tí wọ́n bá tún ṣubú. Mo ní kí wọ́n ṣáà fi NIN wọn ránṣẹ́, èmi máa san án. Wọ́n ti ka mẹ́séèjì, àmì búlúù ti yọ, kò sí èsì. Ohun tí wọ́n wá jù sínú grúùpù ẹbí láàárọ̀ yìí ni fọ́tò ańkárá ọdún Iléyá, wọ́n ní kí kálukú sanwó tiẹ̀ kó tó di Jímọ́ọ̀.